Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Tíì Oolong, Ṣáyì àti Ìtàn Ọ̀nà Méjì ní Ilẹ̀ Okun

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn tíì oolong ti ilẹ̀ Ṣáínà, bí a ṣe ń ṣe é àti bí a ṣe ń mu ún, àti ọ̀nà tí orúkọ ohun mímu náà gbà dé ilẹ̀ Okun, pàápàá jù lọ Ìyàmoyè ní agbègbè Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí. A fi hàn pé ọ̀rọ̀ méjì, 'tíì' àti 'ṣáyì', ni ó pàdé ní agbègbè yìí, àti pé ìpàdé wọn bá ìtàn ìṣèlú Okun mu. A tún ṣe àlàyé ohun tí olùkọ́ lè fi ìtàn yìí kọ́ ọmọ ní kíláàsì.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò mu régí. Bí àlejò bá béèrè tíì ní ilé kan ní Ìyàmoyè ní òwúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ife Bournvita tàbí Milo tí a fi mílíìkì àti ṣúgà pò ka iwájú rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì. Bí ó bá ní ewé tíì ni òun ń wá, koríko ọba ni wọn yóò lọ já wá ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá sì yà sí ọ̀dọ̀ ọmọ Hausa tí ń pò ó tà lẹ́bàá títì, ṣáyì ni yóò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ẹ̀kẹta yìí nìkan ni a sábà máa ń fi ewé tíì gan-an ṣe.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka irú nǹkan báyìí sí ìtàn. Lójú wọn, ìtàn ni ọba, ogun àti ìjọba. Ẹlòmíràn sì gbà pé Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni tíì, pé òun ni ó gbé e wá, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Ohun tí ènìyàn ń mu àti orúkọ tí ó ń pè é máa ń tọ́jú ẹ̀rí tí ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba lè fojú fò. Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó gbìyànjú láti dáhùn. Èkíní, kí ni tíì oolong, báwo ni a sì ṣe ń ṣe é? Èkejì, báwo ni orúkọ tíì ṣe rìn láti ilẹ̀ Ṣáínà dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹ̀kẹta, kí ni ìpàdé 'tíì' àti 'ṣáyì' ní ilẹ̀ Okun ń sọ fún wa nípa ara wa?

Igi Kan, Oríṣiríṣi Tíì

Camellia sinensis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko fún igi tíì. Ẹ̀yà rẹ̀ méjì ni ó gbajúmọ̀: èyí tí ewé rẹ̀ kéré, tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, àti èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí a mọ̀ mọ́ Assam ní ilẹ̀ Íńdíà. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dì mú ni pé láti ara igi kan náà ni tíì aláwọ̀ ewé, tíì dúdú àti oolong ti ń wá. Ohun tí a bá fi ojú ewé náà rí lẹ́yìn tí a já a tán ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, mímu tíì ti lọ́jọ́ lórí. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, lásìkò ìjọba Tang, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Lu Yu kọ odindi ìwé kan, Cha Jing, lórí igi náà, ohun èlò rẹ̀ àti bí a ṣe ń sè é. Lásìkò yẹn, wọ́n máa ń gún ewé náà, wọn a sì mọ ọ́n bí àkàrà pẹlẹbẹ kí wọ́n tó rún un sínú omi. Ní ọdún 1391, ọba àkọ́kọ́ ní ìdílé Ming pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe mú tíì alámọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí ààfin bí ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Ewé lásán ni kí wọ́n máa mú wá. Àṣẹ yìí ran àṣà rírẹ odindi ewé sínú omi gbígbóná lọ́wọ́ láti gbilẹ̀.

Inú àṣà tuntun yìí ni oolong ti jáde. Àwọn òkè Wuyi ní ẹkùn Fujian, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ṣáínà, ni a gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, wulong, ni 'dírágónì dúdú', ìyẹn ẹranko abàmì inú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Ṣáínà. Anxi, tí ó wà ní Fujian kan náà, ni irú rẹ̀ tí à ń pè ní Tieguanyin ti jáde. Láti Fujian ni irúgbìn àti ìmọ̀ náà ti ré òkun kọjá sí erékùṣù Taiwan. Ní ọdún 1869, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Dodd, kó oolong láti Taiwan lọ tà ní New York. Láti ìgbà náà ni oolong Taiwan ti ní ọjà tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Bí a Ṣe Ń Ṣe Oolong àti Bí a Ṣe Ń Mu Ún

Kò sí obìnrin ilé tí kò mọ ìmọ̀ tí ó wà nídìí oolong. Bí a bá bó iṣu sílẹ̀ tí a kò tètè sè é, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Èròjà inú iṣu ni ó bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pàdé. Bí a bá sọ iṣu náà sínú omi híhó, dúdú náà yóò dáwọ́ dúró, nítorí pé iná ti pa ohun tí ń ṣiṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewé tíì rí. Bí a bá tètè fi iná mú un lẹ́yìn tí a já a, yóò wà ní àwọ̀ ewé. Bí a bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí, yóò di tíì dúdú. Oolong ni èyí tí a dá dúró ní agbede-méjì, bóyá nígbà tí iṣẹ́ náà dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí nígbà tí ó sún mọ́ ọgọ́rin. Ìdí nìyí tí oolong kan fi lè ní òórùn bíi ti òdòdó, tí òmíràn yóò sì ní òórùn bíi ti ẹ̀pà tí a yan.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ ló báyìí. Wọ́n á já ewé náà, wọ́n á sá a sí oòrùn kí ó rọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á máa fi atẹ́ gbọ̀n ọ́n, wọ́n á tún jẹ́ kí ó sinmi, títí tí etí ewé yóò fi fara pa díẹ̀ tí yóò sì máa pọ́n. Nígbà tí òórùn rẹ̀ bá tẹ́ oníṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n á dà á sínú agbada gbígbóná láti dá a dúró. Wọ́n á wá lọ́ ọ tàbí kí wọ́n ká a rogodo, wọ́n á sì gbẹ ẹ́. Àwọn mìíràn, pàápàá ti Wuyi, ni a tún máa ń fi èédú yan fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tí ó bá sùn lẹ́nu iṣẹ́ yìí ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́; imú àti ọwọ́ ni ó ń darí rẹ̀.

Ní ti mímu, àwọn ará Fujian àti Guangdong ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní gongfu, ìyẹn ṣíṣe nǹkan pẹ̀lú ìtọ́jú àti ọgbọ́n ọwọ́. Ìkòkò amọ̀ kékeré, èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn sì ni ti Yixing, tàbí àwo olómorí tí ó gba nǹkan bí mílílítà 100 ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi omi gbígbóná yọ́ ìkòkò náà kí ó lè móoru. Wọ́n á wọn ewé tí ó tó gíráàmù 5 sí 7 sínú rẹ̀, wọ́n á sì da omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó tàbí tí ó ń hó lé e lórí. Omi àkọ́kọ́ sábà máa ń wà fún ṣíṣan ewé náà nìkan. Lẹ́yìn èyí, ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 30 ti tó fún ewé náà nínú omi kí wọ́n tó dà á sí ife kékeré. Wọ́n á tún da omi sí ewé kan náà, wọ́n á máa fi àsìkò kún un díẹ̀díẹ̀. Oolong tí ó dára lè gba omi ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ, adùn rẹ̀ yóò sì máa yí padà láti orí omi kan dé òmíràn. Wọn kì í fi ṣúgà tàbí mílíìkì sí i. Wọ́n á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á wá máa bù ú mu díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lè fi gíráàmù 3 sínú ife ńlá kan, kí ó bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó sì sẹ́ ewé rẹ̀ kúrò.

Kò yẹ kí àṣà dída omi sí ewé kan náà léraléra ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni à ń ṣe sí ìkòkò àgbo: a ó mu ún, a ó tún bomi sí i, a ó tún gbé e kaná. Ìyàtọ̀ ni pé ìwòsàn ni a ń wá nínú àgbo, nígbà tí ó jẹ́ pé adùn àti ìfararora ni ará Fujian ń wá nínú oolong. Kaféènì tí ń lé oorun lójú ẹni tí ó mu tíì pàápàá kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí pé òun náà ni ó wà nínú obì tí àwọn baba wa ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ Méjì, Ọ̀nà Méjì

Àmì kan ṣoṣo ni àwọn ará Ṣáínà fi ń kọ orúkọ tíì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é yàtọ̀ láti ẹkùn dé ẹkùn. Ní ibi púpọ̀, 'cha' ni wọ́n ń pè é. Ní gúúsù Fujian, ní àyíká èbúté Xiamen tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Amoy, 'te' ni wọ́n ń pè é. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ó pín ayé sí méjì.

Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Họ́láńdì ni ó kó tíì púpọ̀ wọ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Fujian tí ń ṣòwò lórí omi ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbé 'te' lọ sílé. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Faransé àti àwọn ará Jámánì. Ní ọdún 1660, Samuel Pepys kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ ní London pé òun mu ife tíì kan, ohun mímu ará Ṣáínà tí òun kò mu rí. Àwọn Potogí, tí wọ́n fìdí múlẹ̀ sí Macau, mú 'chá' ní tiwọn.

Lórí ilẹ̀, 'cha' gba àárín gbùngbùn Éṣíà dé Páṣíà, ó di 'chay', ó sì di 'shay' lẹ́nu àwọn Lárúbáwá. Láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni ó ti wọ èdè Hausa bí 'shayi'. Àríwá Áfíríkà náà kópa nínú ìtàn yìí. Nígbà Ogun Crimea, 1853 sí 1856, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ọjà wọn ní ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù dí kó tíì aláwọ̀ ewé ti ilẹ̀ Ṣáínà lọ sí àwọn èbúté Mòrókò, ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ó wọ Sàhárà, ó dé Mauritania, Mali àti Senegal. Títí di òní, àwọn ará Senegal ń se ataya ní ìpele mẹ́ta láti ara ewé kan náà. Ife àkọ́kọ́ máa ń korò, adùn á sì máa pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ti rí gongfu yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Nítorí náà, 'tíì' tí Yorùbá ń pè gba òkun wá, 'ṣáyì' tí Hausa ń pè gba ilẹ̀ wá. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé Fujian, ibi tí oolong ti ṣẹ̀, ni 'tíì' tiwa náà ti ṣẹ̀. Ewé oolong lè ṣọ̀wọ́n ní ọjà wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí ó dá a sílẹ̀ wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́.

Bí Ọ̀nà Méjèèjì Ṣe Pàdé ní Ilẹ̀ Okun

Àwọn Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni a ń pè ní Okun, láti inú ìkíni wọn. Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìtàn gbé wọn sí oríta. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Nupe láti Bida dà wọ́n láàmú, ó kó wọn lẹ́rú, ó sì sọ wọ́n di asìnrú. Ní oṣù kìíní ọdún 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kabba, tí agbára Bida sì fọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard kéde ìjọba àmójútó Àríwá Nàìjíríà ní Lokoja. Báyìí ni ilẹ̀ Okun ṣe bọ́ sí abẹ́ Àríwá, tí Kabba sì di orúkọ odindi ẹkùn ìjọba kan.

Ìjọba wà ní Àríwá, ṣùgbọ́n èdè àti ìjọ gba ọ̀nà Gúúsù wọlé. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Samuel Ajayi Crowther àti àwọn òjíṣẹ́ ọmọ Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́ ní Lokoja. Ní ọdún 1908, Tommy Titcombe ti ìjọ SIM dé Ẹ̀gbẹ́ ní ilẹ̀ Ìyàgbà. Bíbélì Yorùbá ni a kà ní ilé ìjọsìn, ìwé Yorùbá ni a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ojú ọ̀nà yìí ni ife tíì pẹ̀lú mílíìkì ń bá àwọn Òyìnbó àti àwọn ọ̀làjú ọmọ Yorùbá rìn. Tíì dúdú láti Íńdíà àti Ceylon ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mu jù nígbà náà, lẹ́yìn tí Robert Fortune ti kó irúgbìn àti oníṣẹ́ tíì láti Ṣáínà lọ sí Íńdíà ní 1848 sí 1851. Ṣáyì ní tirẹ̀ bá àwọn oníṣòwò, àwọn akọ̀wé ìjọba àti àwọn ọlọ́pàá láti òkè wá.

Nígbà tí òmìnira ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ọmọ Kabba àti Ìlọrin bèèrè pé kí a dá wọn padà sí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ yìí dé iwájú ìgbìmọ̀ Willink ní 1957 sí 1958. Ààlà náà kò yí padà títí di òmìnira ní 1960. Okun bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Kwara ní 1967, ó sì bọ́ sínú Kogí ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991. Títí di òní, wọ́n ṣì máa ń bi ọmọ Okun pé ṣé ará Àríwá ni tàbí Yorùbá. Ìbéèrè yìí máa ń dun ni, nítorí pé ẹni tí ń béèrè ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ ọjà. Ẹ̀rí inú ife tako èyí. Ẹni tí ó ń pe tíì nílé tí ó sì mọ ṣáyì lẹ́bàá títì kò sọ ara rẹ̀ nù. Ìtàn rẹ̀ ni ó gùn ju ti ẹni tí ó mọ ọ̀kan lọ.

Ohun Tí À Ń Pè Ní Tíì Lónìí

Kí ni ó mú kí Bournvita di tíì lẹ́nu wa? Lójú tiwa, ọ̀nà tí a gbà ń mu ún ni: omi gbígbóná, mílíìkì, ṣúgà, ife ọlọ́wọ́, òwúrọ̀. Orúkọ náà kúrò lára ewé, ó lẹ̀ mọ́ àṣà. Bákan náà ni koríko ọba ṣe di ewé tíì nítorí pé a ń rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Èdè kò ṣẹ̀ nínú èyí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ká wa lára. Kòkó ni olórí èròjà tí ń fún Bournvita àti Milo ní adùn wọn. Kòkó àti kọfí sì wà lára irè oko agbègbè Kabba àti Ìjùmú. Àgbẹ̀ wa ń ta kòkó ní àpò, ó ń rà á padà nínú agolo, ó sì ń fi orúkọ ewé ilẹ̀ Ṣáínà pè é. Bí orúkọ bá bo orísun mọ́lẹ̀ tó báyìí, àgbẹ̀ kò ní mọ iye tí a fi kún irè oko rẹ̀ láàárín oko àti ife.

Tíì gidi pàápàá ń hù ní Nàìjíríà. Lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, tí ó ga ju mítà 1,500 lọ, ni a ti ń gbìn ín, tí ilé-iṣẹ́ wà fún un ní Kakara. Àjọ CRIN, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964, ní tíì, kọfí, kòkó, obì àti kajú lára irè oko tí ó ń ṣe ìwádìí lé lórí. Tíì dúdú ni a mọ Mambilla mọ́. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé igi kan náà ni, ewé Mambilla lè di oolong bí a bá rí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dá a dúró. Ìmọ̀ ni ó wà láàárín ewé olówó pọ́ọ́kú àti ewé olówó gọbọi.

Ohun Tí Olùkọ́ Lè Fi Ìtàn Yìí Ṣe

Olùkọ́ lè lo ìtàn yìí ní ọ̀nà mẹ́ta. Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, kí àwọn ọmọ ya àwòrán ayé, kí wọ́n fa ìlà kan láti Xiamen gba orí òkun dé Èkó àti Lokoja, kí wọ́n sì fa òmíràn láti Ṣáínà gba Páṣíà, ilẹ̀ Lárúbáwá àti Sàhárà dé Kano. Kí wọ́n wo ibi tí ìlà méjèèjì ti sún mọ́ra. Nínú ẹ̀kọ́ èdè, kí wọ́n kó àwọn ọ̀rọ̀ àyálò jọ láti ẹnu àwọn àgbà ilé, kí wọ́n pín wọn sí èyí tí ó gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tí ó gba ọ̀dọ̀ Hausa àti Lárúbáwá wá. 'Àlùbọ́sà' àti 'àlàáfíà' yóò wà lápá kan, 'búrẹ́dì' àti 'tíì' yóò wà lápá kejì. Nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n gé iṣu sí méjì, kí wọ́n fi omi híhó bọ ọ̀kan, kí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Ọmọ tí ó bá rí ìyàtọ̀ náà ti mọ ìyàtọ̀ tíì aláwọ̀ ewé àti tíì dúdú láìná kọ́bọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé oolong jẹ́ ọmọ Fujian, pé ọgbọ́n dídá ewé dúró lásìkò ni ó sọ ọ́ di oolong, àti pé sùúrù ni a fi ń mu ún. A ti rí i pé láti Fujian kan náà ni ọ̀rọ̀ 'tíì' ti gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí 'ṣáyì' gba ilẹ̀ àti aṣálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ilẹ̀ Okun wà níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti kan ara wọn. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n odò tí orísun rẹ̀ jẹ́ méjì kò gbọdọ̀ tijú ọ̀kan nínú wọn. Ó tọ́ kí olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ Ìyàmoyè ní ìtàn sọ èyí fún un kí ẹlòmíràn tó bi í pé ara ibo ni.